Ibi Tí A Ó Gbé Orí Yefim Sí

Ní abúlé wa, Lugi, tó wà létí odò Vyatka, kò sí ẹni tó lè bú Ọ̀gágun Yefim Savvich Kutyin tó bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń bú ara rẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, apárí, ikùn rẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ wọlé, ìràwọ̀ wúrà méjì sì wà láyà rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé báwo ló ṣe di ọ̀gá ológun, á ní nítorí bàtà ni. Gbogbo abúlé ni bàbá rẹ̀ ń rán bàtà fún, ọmọ tirẹ̀ sì ń fẹsẹ̀ lásán rìn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ọba ayé ìgbà yẹn wá ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin, Yefim gbọ́ pé wọ́n ń pín bàtà, ló bá sáré tẹ̀ lé wọn. Á ní, "Ẹsẹ̀ mi ló wọṣẹ́ ogun. Orí mi ò tíì débẹ̀ títí dòní."

Bó ṣe gòkè lẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló máa ń sọ ìyẹn fún, wúyẹ́wúyẹ́ ló sì máa ń sọ ọ́, torí ẹ̀yin náà mọ ayé tí à ń wí. Ó ní òun ò gbọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣe ni ìjọba ń wá kó àwọn tó wà níwájú òun lóru, wọ́n ń dàwátì lọ́kọ̀ọ̀kan, àga wọn ń ṣófo, wọ́n sì ń ti òun síwájú bí ẹni tó tò sórí ìlà búrẹ́dì. Nígbà tí Jámánì fi máa wọ ilẹ̀ wa, àga tó kàn án ti di ti olórí odidi ogun kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lábẹ́ ọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ kì í jẹ́ kó ra ẹran lọ́jà torí pé wọ́n máa ń rẹ́ ẹ jẹ. Kò tíì mọ orúkọ àwọn ọ̀gá abẹ́ rẹ̀ tán tí Jámánì fi ká gbogbo wọn mọ́ inú igbó. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ parẹ́. Yefim jáde.

Ẹ̀wù ìyá arúgbó kan ló wọ̀ jáde. Aṣọ oyè rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àpò, ó kó ọ̀dùnkún lé e lórí, torí ọ̀gágun tó bá jáde láti àárín ọ̀tá láìní aṣọ oyè lọ́wọ́, ìbọn ni wọ́n fi ń kí irú wọn káàbọ̀ nígbà náà. Ọmọ ogun wa tó kọ́kọ́ rí i pè é ní olè ọ̀dùnkún, ó sì fọ́ ọ létí. Àwọn tó ń wádìí ọ̀rọ̀ wò ó sùn-ùn, wọ́n ní kó sọ bó ṣe jáde. Yefim mọ̀ pé ikú wà nínú yàrá yẹn. Ó bá fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó sọ ti ẹ̀wù, ó sọ ti ìfọ́tí, ó sọ bí òun ṣe rì sínú irà dé ọrùn tí òun sì ń pàṣẹ fún ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn ènìyàn yẹn, tí kì í rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tó bá lè bú ara rẹ̀ tó báyìí kò lè jẹ́ amí. Wọ́n dá oyè rẹ̀ padà fún un, wọ́n fún un ní ogun mìíràn. Látìgbà náà ni ẹ̀rín ti di asà rẹ̀, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

Bí ẹ bá bi í nípa ìràwọ̀ àkọ́kọ́, á ní ẹsẹ̀ òun ló yọ̀ lórí pátákó tí wọ́n fi ń sọdá odò. Ó já sómi, omi ń gbé e lọ sọ́dọ̀ Jámánì, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì rò pé ọ̀gá ló ń wẹ̀ lọ síwájú láti jà. Ojú tì wọ́n, gbogbo wọn bẹ́ sómi tẹ̀ lé e, ilẹ̀ ọ̀tá sì di tiwọn kí ó tó pọ omi inú rẹ̀ tán. Ìràwọ̀ kejì ńkọ́? Ọ̀nà ló ṣì. Nílẹ̀ Jámánì, òun àti awakọ̀ rẹ̀ yà síbi tí kò yẹ, wọ́n já sínú ìlú tí ẹnikẹ́ni ò rán wọn sí, olórí ìlú sì gbé aṣọ funfun pàdé wọn. "Ọ̀nà ni mo fẹ́ béèrè," ni yóò wí, "wọ́n bá kó ìlú fún mi." Irọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, àwa náà mọ̀. Ẹni tó bá a jagun sọ fún wa pé akin ni, pé kì í sá, pé ó máa ń bá àwọn ọmọ ogun jẹ nínú abọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ ìyẹn lójú rẹ̀, ojú á tì í bí ìyàwó tuntun.

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá gba ìràwọ̀ wúrà lẹ́ẹ̀mejì, ìjọba á fi idẹ ṣe orí rẹ̀, wọ́n á gbé e kalẹ̀ ní abúlé tí wọ́n ti bí i. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fọwọ́ kọ̀. Yefim lọ jókòó fún oníṣọ̀nà ní Mọsko, olú ìlú wa, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi irun sí i, kí ẹyẹ má bàa rò pé ìtẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn pa wá lẹ́rìn-ín nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àfi ìgbà tí a gbọ́ ibi tí wọ́n fẹ́ gbé orí náà sí ni ẹ̀rín dá.

Ibi tí ilé Ìyá Filka wà ni, wọ́n sì fẹ́ wó ilé náà. Agafya ni orúkọ rẹ̀, ó ju Yefim lọ ní ọdún bíi mélòó kan, òun ló máa ń gbé e pọ̀n nígbà tó wà lọ́mọdé. Ilé rẹ̀ wà ní ṣóńṣó òkè, níbi tí ọ̀nà láti ìlú ti kọ́kọ́ ń rí abúlé. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ìbẹ̀rẹ̀ ogun ni Filka lọ, kò sì sí ẹni tó sọ pé ó kú, kò sí ẹni tó sọ pé ó wà láàyè. "Ó sọnù" ni wọ́n wí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Ọmọ ogun ayé ìgbà náà kò gbọ́dọ̀ sọ fún ará ilé ibi tó wà tàbí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, nítorí náà ìyá ò mọ nǹkan kan. Àfi pé arọ kan tó ti ojú ogun bọ̀, tó gba Lugi kọjá, sọ fún un pé lórí afárá odò kan, Losinka, ni òun ti rí Filka kẹ́yìn, ara rẹ̀ le, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ìyá Filka di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Kò kun ilé rẹ̀ ní ọ̀dà mìíràn, kò yí ibùsùn padà, kò gbà kí wọ́n gé igi ẹnu ọ̀nà. Ó ní bí Filka bá dé tí kò dá ilé mọ̀ ńkọ́?

Ọdún kẹrin lẹ́yìn ogun, nígbà tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ tán, Yefim wálé, ó sì rí èèkàn tí wọ́n fi aṣọ pupa sórí rẹ̀ yí ilé Ìyá Filka ká. Kò tíì sọ àpótí rẹ̀ kalẹ̀ tó fi gba ọ̀dọ̀ Rodion Kuzmich Shubin lọ, alága ìgbìmọ̀ tí wọ́n fi iṣẹ́ ère náà lé lọ́wọ́. Shubin kì í ṣe ènìyàn búburú. Ẹ̀rù ló ń bà á, bí ẹ̀rù ṣe máa ń ba gbogbo ẹni tó bá ní àga.

"Ọ̀gágun, ẹ gba tèmi rò," ni Shubin wí. "Orí òkè yẹn ni mọ́tò àwọn àlejò á ti kọ́kọ́ rí yín. Ṣé kí n wá gbé orí yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀ ni?"

"Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mọ̀ mí."

Shubin rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní wọ́n ti ṣètò yàrá fún ìyá náà nínú ilé tuntun oko àjùmọ̀ṣe, iná mànàmáná wà níbẹ̀, kí ló tún kù? Yefim gun òkè padà, ó ń bínú. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun lé Jámánì láti odò dé odò, òun ò sì lè lé orí ara òun kúrò lẹ́nu ọ̀nà opó kan. Ó wá ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó wọ ilé Ìyá Filka.

"Ìyá Filka, mo wá sá pamọ́ sọ́dọ̀ yín."

"Ta ló ń lé ọ?"

"Orí mi ni."

Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀, ó fi orúkọ ìgbà èwe rẹ̀ pè é. "Bọ́ bàtà rẹ, Fimka. O ti kó ẹrẹ̀ wọlé mi."

Bí ogun ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ta ló fẹ́ wó ilé tí ọ̀gágun oníràwọ̀ méjì ń sùn nínú rẹ̀? Àwọn òṣìṣẹ́ dé pẹ̀lú àáké, wọ́n rí Yefim lójú fèrèsé pẹ̀lú ife tíì, wọ́n kí i, wọ́n padà. Àwa ará Lugi, tí kò síṣẹ́ tó dùn mọ́ wa tó ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, a wá àwáwí láti máa gun òkè yẹn. Ẹnì kan á ní ewúrẹ́ òun sọnù. Ẹlòmíràn á ní òun fẹ́ yá asẹ́. A máa ń rí ọ̀gágun tó ń pọnmi, tó ń lagi, tó ń gun òrùlé pẹ̀lú ikùn yẹn, tí Ìyá Filka sì dúró nísàlẹ̀ tó ń pàṣẹ fún un. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tuntun sí bàtà onírun ìyá náà. Ìyá gbà á, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní bàbá Yefim á kọ ẹ̀yìn sí i nínú sàréè bó bá rí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí. Yefim ní òun náà gbà, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òun fi gba iṣẹ́ ọ̀gágun tí kò gba ọwọ́ tó dáa.

Inú rẹ̀ dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá a wí. Bí ìyá bá ń sọ̀rọ̀ Filka, pé ó fẹ́ràn kábéèjì kíkan, pé á ti tó ẹni tó ń níyàwó báyìí, Yefim kì í dá àpárá kankan. Á kàn máa gbọ́. Kò béèrè ibi tí Filka ti jagun, torí ó ti kọ́ra láti má béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ẹnikẹ́ni. Ìyá náà kò bi í. Lójú tirẹ̀, Fimka ni, ọmọ aránbàtà, kí ló mọ̀ nípa Filka?

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, Shubin fúnra rẹ̀ gun òkè wá pẹ̀lú ọtí àti àwo olú oníyọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ṣe. Òkúta tí orí náà máa jókòó lé ti dé ìdíkọ̀ rélùwéè, ọjọ́ tí wọ́n máa ṣíṣọ lójú ère ń sún mọ́lé, bí wọn ò bá sì rí ibi gbé e sí, àga Shubin ló máa kọ́kọ́ ṣídìí. Ìyá Filka ti gun orí ààrò bíríkì ńlá tó máa ń sùn sí nítorí ooru rẹ̀, ìbàdí ń dùn ún, ó ti fa aṣọ bojú. Wọ́n rò pé ó sùn.

Wọ́n mu, wọ́n tún mu. Yefim rí i pé ọkùnrin náà ti ń rọ̀, ló bá mú ọ̀rọ̀ kànga wá. Ó ní ẹ̀gbẹ́ kànga ìsàlẹ̀ òkè ló yẹ kí wọ́n gbé òun sí. Ojoojúmọ́ ni gbogbo obìnrin abúlé á máa wá síwájú òun láàárọ̀, ohun tí òun ti ń wá láti kékeré tí ọwọ́ òun ò tẹ̀. Shubin rẹ́rìn-ín títí ó fi há sí i lọ́fun. Ó ní ó ṣeé ṣe. Ó ní bóyá, àfi bí àwọn ọ̀gá òun bá bi òun. Yefim mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ń lọ. Ẹni tó bá ti ní bóyá, ẹ̀rín kan péré ló kù tí ó fi máa wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Shubin náà ló sì tọrọ rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀. Ó ní gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé ọ̀gágun mọ ìtàn irà yẹn í sọ, kó sọ ọ́ fún òun kí òun tó máa lọ.

Ẹyin lọ̀rọ̀, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀. Yefim ti sọ ìtàn yẹn níwájú àwọn ọ̀gá, ó ti sọ ọ́ níbi àsè, kò sì dárúkọ odò yẹn rí. Á ní "odò kan," á sì kọjá. Ọtí ni o, àbí ìdùnnú pé ó fẹ́ borí, n ò mọ̀.

"Mo fi ẹgbẹ́ kan sórí afárá Losinka," ni ó wí, ó ń rọ ọtí sí ife. "Mo ní, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí Jámánì kọjá, ẹ má kúrò títí n ó fi ránṣẹ́ sí yín. Èmi àti alásè bá irà lọ. Mo bojú wẹ̀yìn báyìí, afárá ti fò lọ sọ́run, tòun ti gbogbo ẹni tó wà lórí rẹ̀. Ojú mi ló ṣe. Alásè wá bi mí pé, Ọ̀gágun, ṣé kí n lọ sọ fún wọn kí wọ́n máa bọ̀? Rodion Kuzmich, nínú gbogbo ogun tí mo jà, kò sí ẹgbẹ́ tó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu bíi tiwọn. Mo ní kí wọ́n má kúrò. Wọn ò sì kúrò."

Shubin fọwọ́ gbá tábìlì. Ẹ̀rín pa á, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ó tán, kànga ni, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n yọ òun. Wọ́n bọwọ́. Ogun parí, Yefim ti borí, inú rẹ̀ sì dùn ju ọjọ́ tí wọ́n fún un ní ìràwọ̀ lọ.

Aṣọ orí ààrò ṣí. Ìyá Filka ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀.

"Fimka, odò wo lo pè?"

Yefim gbé ìgò kalẹ̀. Kò mọ ohun tó ń bọ̀. "Losinka ni, Ìyá Filka."

"Afárá mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Ọ̀kan ni."

Ìyá jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti rí Filka kẹ́yìn. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń júwe ilé fún àlejò. Shubin fi ife sílẹ̀. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà náà, kò tíì rí ibi gbé e sí.

Irọ́ pọ̀ tí Yefim lè pa. Ó lè ní àwọn kan bẹ́ sómi, ó lè ní Jámánì mú àwọn mìíràn lẹ́rú, pé wọ́n ṣì ń padà dé títí dòní, torí òótọ́ ni pé àwọn kan ń padà dé. Ó lè ní àpárá lásán ni. Ẹnu tó gbà á lọ́wọ́ ìbọn, ẹnu tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n, ó wá ọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò rí.

"Má parọ́ fún mi," ni ìyá wí. "Ohun tí o fi ń pa á lẹ́rìn-ín yẹn, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, Ìyá Filka."

Ìyá bi í bóyá ikú wọn yá. Yefim ní ó yá, ìṣẹ́jú àáyá ni. Ìyá mi orí. Ó fọwọ́ pa eteetí tábìlì, lẹ́yìn náà ó yíjú sí Shubin. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ padà wá láàárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n wó ilé náà.

Shubin ní rárá, àwọn ti fẹnu kò sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Yefim kúnlẹ̀, ọkùnrin oníkùn yẹn, ó kúnlẹ̀ lórí pátákó ilé, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní àwọn ti borí, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ilé náà mọ́.

"Ìwọ lo borí," ni ìyá wí. "Ilé ẹnì kan ni mò ń ṣọ́. Ẹni yẹn ò bọ̀ mọ́. Kí ni mo fẹ́ fi òkè ṣe? Omi ìsàlẹ̀ jìnnà, ìbàdí ń dùn mí."

Kò bú u. Yefim sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ìbá dùn mọ́ òun bó bá bú òun, bó bá tutọ́ sí òun lójú. Ó kàn ní kó bá òun gbé àpótí òun lọ sí yàrá oko àjùmọ̀ṣe, Yefim sì gbé e. Ilé náà ò ju òwúrọ̀ kan lọ lábẹ́ àáké. Wọ́n gbin òkúta síbẹ̀, wọ́n gbé orí náà lé e.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣíṣọ lójú ère náà, gbogbo wa wọ aṣọ tó dáa, a sì ti múra ẹ̀rín sílẹ̀. Wọ́n fa aṣọ kúrò, orí idẹ yọ, apárí bí olówó rẹ̀ ṣe fẹ́. Wọ́n ní kí ọ̀gágun sọ̀rọ̀. Ó lanu, ó pa á dé. Ó ní, "Ẹ ṣeun," ó sì sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan láàárín wa ní ìgbéraga ti dé sí i, pé idẹ ti gùn ún. Èmi náà wà nínú àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀. A ò mọ nǹkan kan nígbà náà. Shubin ló wá sọ fún wa lẹ́yìn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó tẹ̀ lé e, Yefim tún wálé. Ó fẹ́ gba ẹ̀yìn abúlé wọlé kó má bàa rí orí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí ènìyàn kan lórí òkè, ó sì yà wò ó. Ìyá Filka ni. Ó gun àpótí kékeré kan, garawa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi àkísà fọ ìgbẹ́ ẹyẹlé kúrò lójú ère náà. Ó fọ iwájú orí, ó fọ imú, ó ń fi ìka ti àkísà sí ẹ̀yìn etí bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ.

Yefim sáré gun òkè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀. Ó ní ìgbẹ́ ẹyẹlé gan-an ló yẹ orí yẹn.

Ìyá Filka ò yíjú. "Kì í ṣe nítorí rẹ," ni ó wí. "N ò rí ojú Filka fọ̀. Ojú tí mo rí ni mò ń fọ̀."

Omi inú garawa ti dúdú. Yefim gbé e, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí kànga, ó lọ pọn òmíràn wá fún un.